Ọwọ́ Aago Tí Wọ́n Lẹ̀ Mọ́ Àárín

Oyèwùsì, fi fóònù yẹn sílẹ̀, kí o gbọ́ mi. Ọkùnrin kan wà tí ẹ̀rù ọkọ̀ ara rẹ̀ máa ń bà. Má rẹ́rìn-ín. Ọkọ̀ eré ìje ni, pupa, ó kúrú nílẹ̀ débi pé bí èèyàn bá jókòó sínú rẹ̀, àfi bíi pé ìdí rẹ̀ ń wọ́ títì. Ilẹ̀ òtútù ni wọ́n ti ṣe é. Lọ́jọọjọ́ Sátidé, ọkùnrin yìí àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a wa ọkọ̀ wọn lọ sí pápá àtijọ́ kan tí bàálù kì í balẹ̀ sí mọ́, wọn a sì máa sá eré ìje yí i po.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ wa kì í ṣe ilẹ̀ òtútù. Lọ́jọ́ kan, ọkọ̀ ẹnì kan nínú wọn gbóná títí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ fi kú. Ẹni náà sáré ṣí ìdérí rédíétọ̀, omi gbígbóná sì bó o lójú. Ọkùnrin tí mò ń wí yìí wà níbẹ̀, ó gbọ́ igbe náà. Láti ọjọ́ yẹn ni ẹ̀rù ti wọ inú egungun rẹ̀, kò sì jáde mọ́.

Ó gbé ọkọ̀ rẹ̀ lọ bá mẹkáníìkì kan tó mọṣẹ́. Mẹkáníìkì yọ rédíétọ̀ tó bá ọkọ̀ wá, ó gbé èyí tó tóbi tó sì nípọn sí i. Ó so fáànù méjì mọ́ ọn. Ó wá rédíétọ̀ kékeré mìíràn fún ọ́ìlì, nítorí pé bí eré bá pọ̀, ọ́ìlì náà a máa hó. Ó da omi ẹ̀rọ lásán tó wà nínú rẹ̀ nù, ó rọ ojúlówó kúláǹtì sí i, omi tí kì í tètè hó, tí òórùn rẹ̀ dà bíi ti ṣúgà. Níkẹyìn, ó gbé aago ooru ńlá kan síwájú. Ọwọ́ aago náà ń rìn láti ibi tútù lọ sí àárín, láti àárín lọ sí ibi pupa.

"Ọ̀gá, ó ku páìpù kan," ni mẹkáníìkì wí. "Páìpù róbà tó ń gbé omi gbígbóná wọ inú ọkọ̀, tí àwọn òyìnbó fi ń yáná nígbà òtútù. Ó ti gbó. Òkè ẹsẹ̀ ẹni tó bá jókòó ti dírẹ́bà ló wà."

"Ta ló ń yáná nínú ọkọ̀ nílẹ̀ wa?" ni ọkùnrin náà fi dá a lóhùn. "Fi í sílẹ̀ ná, jàre. Sátidé ti dé tán."

Mẹkáníìkì mi orí. "Ó dáa. Títí ẹ ó fi gbé e padà wá, aago yìí ni olùṣọ́ yín. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá ti ń sún mọ́ pupa, ẹ kúrò lórí eré. Ẹ má bá a jiyàn."

Ìyàwó ọkùnrin náà kì í bá a lọ sí pápá yẹn tẹ́lẹ̀. Obìnrin náà ti rí ojú ẹni tí omi bó, ẹ̀rù ń ba òun náà. Ṣùgbọ́n nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ aago, ó ní, "Bàbá Mofẹ́, màá tẹ̀ lé yín. Ẹ̀yin ẹ máa wo ọ̀nà, èmi á máa wo aago." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n sì ń ṣe. Bí wọ́n bá ti yípo lẹ́ẹ̀kan, ìyàwó a ké pé, "Ó wà láàárín!" Ọkọ a sì tẹsẹ̀ mọ́ ọn.

Ó yẹ kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀, àbí? Kò balẹ̀ o. Ẹ̀ẹ̀rùn dé, ilẹ̀ pápá ń gbóná, ọwọ́ aago bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò láàárín. "Ó ń gòkè o!" Àyà ọkùnrin náà a já, a yà sábẹ́ igi. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ a sì bẹ̀rẹ̀ yẹ̀yẹ́: "Ọ̀gbẹ́ni, ṣé ibà tún ti dá ọkọ̀ ẹ dúbúlẹ̀ ni?" Aago kò ṣẹ ẹnikẹ́ni, iṣẹ́ tí wọ́n rán an ló ń jẹ́. Síbẹ̀ ọkùnrin yìí kórìíra rẹ̀. Ó ń lá àlá rẹ̀.

Ìbá padà lọ bá mẹkáníìkì kó bi í léèrè ohun tó ń gbóná. Kò lọ. Ọ̀dọ̀ ríwáyà ló gbà lọ, ẹni tó ń tún wáyà ọkọ̀ ṣe. Ó ní, "Bá mi ṣe ọwọ́ aago yìí kó má rìn mọ́. Kó dúró sáàárín."

Ríwáyà wò ó lójú. "Ọ̀gá, ṣé ẹ fẹ́ ta ọkọ̀ náà ni? Àwọn tó fẹ́ ta ọkọ̀ tó ti bàjẹ́ ló ń ní kí n ṣe irú èyí, kí ẹni tó ń rà á má bàa fura."

"N kò tà á."

"Ta wá lẹ fẹ́ tàn?"

Ọkùnrin náà na owó sí i. Ríwáyà gbé èjìká, ó tú gíláàsì aago, ó kán gọ́ọ̀mù bíńtín sí ìdí ọwọ́ rẹ̀, ó sì dá gíláàsì padà. Ẹ wo ẹni tó fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ tó ń pa làpálàpá!

Ó sun oorun àsùnwọra lọ́jọ́ náà, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n nígbà tó wọ ọkọ̀ ní Sátidé, kò tíì fi kọ́kọ́rọ́ sí i, ẹ́ńjìnnì tutù bí omi àmù, ọwọ́ aago sì ti wà láàárín. Ara rẹ̀ bù máṣọ. Ó gbójú kúrò níbẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ wọlé, ó jókòó tì í, ọkọ kò sì sọ fún un pé wọ́n ti lẹ ọwọ́ aago mọ́ àárín.

Wọ́n yípo lẹ́ẹ̀kíní. "Ó wà láàárín!" Wọ́n yípo lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta. "Ó wà láàárín! Háà, Bàbá Mofẹ́, ọkọ̀ yìí ti gbádùn!" Ohùn tó máa ń tù ú nínú tẹ́lẹ̀ wá ń gún un létí bí abẹ́rẹ́. Nígbà kan rí, ohun tó ń rí ló ń bẹ̀rù. Ní báyìí, kò rí nǹkan kan mọ́, gbogbo nǹkan ló sì ń bà á lẹ́rù. Ó ń gbọ́ ariwo tí kò sí. Òógùn bo ọwọ́ rẹ̀ lórí ìdarí ọkọ̀. Ó fẹ́ jẹ́wọ́, ìtìjú dì í lẹ́nu. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé, "Bí a bá yípo ẹ̀ẹ̀kan yìí tán, màá sọ fún un."

Kò mọ̀ pé fáànù kan ti kú.

"Kí ló ń rùn bíi ṣúgà tó jóná yìí?" ni ìyàwó béèrè.

Ìwọ wo ohun tí ẹ̀rù ń ṣe fún èèyàn. Òun tó ní kí wọ́n lẹ̀ ẹ́, òun náà ló tún béèrè pé, "Ṣé ó ṣì wà láàárín?"

"Ó wà láàárín. Kò tilẹ̀ mì."

Ó tẹsẹ̀ mọ́ ọn. Páìpù gbígbó yẹn bẹ́. "Yéè! Ẹsẹ̀ mi! Bàbá Mofẹ́, ẹsẹ̀ mi o!" Ooru funfun kún inú ọkọ̀, ọkùnrin náà kò rí ọ̀nà mọ́. Ó tẹ búrẹ́kì títí ọkọ̀ fi dúró nínú koríko, ó fa ìyàwó rẹ̀ jáde, ó ń sunkún bí ọmọdé.

Ní ọsibítù, wọ́n fi báńdéèjì we ẹsẹ̀ obìnrin náà méjèèjì. Ọkọ rẹ̀ jókòó létí bẹ́ẹ̀dì. Omi ń bọ́ lójú obìnrin náà, ṣùgbọ́n kì í ṣe tìtorí ìrora nìkan. Ó di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú, ó ní, "Ẹ má bínú sí mi. Mò ń wò ó. Mi ò gbójú kúrò lára rẹ̀ rárá. Mi ò mọ ibi tí mo ti ṣe àṣìṣe."



Oyèwùsì, má wolẹ̀. Èmi ni mo mú ọ lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru nígbà àkọ́kọ́. Mo rí bí ojú rẹ ti rí nígbà tí nọ́ọ̀sì ka nọ́ńbà náà sí ọ létí. Èmi náà ń lọ síbẹ̀ lóṣooṣù, láti ìgbà ọyẹ́ ni n kò sì ti fojú kàn ọ́ mọ́. N kò bá ọ jà nítorí pé ẹ̀rù bà ọ́. Ta ni ẹ̀rù kì í bà? Ṣùgbọ́n o sọ fún ìyàwó rẹ pé dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ ti lọ sílẹ̀. Lánàá, ó pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, ó fò mọ́ mi, ó ní, "Ẹ bá mi yọ̀ o, ara ọkọ mi ti yá, mo ti ń fi iyọ̀ sọ́bẹ̀ rẹ̀ padà."

Òun ló jókòó tì ọ́. Òun ló ń bá ọ wo aago. Dìde, lọ bá a nílé báyìí, kí o jẹ́wọ́ fún un, kí ẹ sì jọ lọ bá nọ́ọ̀sì lọ́la. Má jẹ́ kí obìnrin yẹn jókòó létí bẹ́ẹ̀dì rẹ lọ́jọ́ kan, kó máa tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ.