Dírììlì Tíṣà Láyíwọlá

Bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Láyíwọlá, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ní Ìkirè, gbọ́ òwe yìí títí, kò yé e. Ó ra dírììlì kékeré oníbátìrì, ló bá sọ ara rẹ̀ di káfíńtà. Ó gbé pákó lé itan, ó fẹ́ dá a lu.

Àdùnbí, ìyàwó rẹ̀, ní, "Bàbá Dérónkẹ́, ẹ gbé e sórí tábìlì."

Ó yínmú sí i. "Iná bátìrì tí kò lè gbé èèyàn, kí ni yóò fi mí ṣe?"

Ó tẹ dírììlì. Irin la pákó kọjá, ó wọ̀ ọ́ nítan. Tíṣà ké bí ewúrẹ́.

Ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì tó ń kọ̀wé bi í pé kí ló gún un. Ojú tì í, ó ní ìṣó ni.

Àdùnbí pòṣé. "Nọ́ọ̀sì, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìgbéraga ni."