Ìyá Aláwọ̀n ti Òde-Ìyanrìn

Ẹ̀yin ọmọ Ìyá Aláwọ̀n, nígbà láéláé, tí òkun ṣì ń fọ ìdí àgbọn àkọ́kọ́ ní Òde-Ìyanrìn, Ajímúdá ni olórí apẹja ibẹ̀, Oríyọmí aya rẹ̀ ni ó sì ń hun àwọ̀n fún gbogbo ìlú. Lọ́dún kan ẹja wọ́n bí ojú, Ajímúdá bá pàṣẹ pé kí aya òun hun àwọ̀n olójú wínníwínní, tí ọmọ ẹja kankan kò ní lè bọ́ nínú rẹ̀.

"Bàálé mi, oṣù tí ẹja ń gbé ẹyin nìyí," ni Oríyọmí wí. "Bí a bá kó ìyá tòun tọmọ, kí ni a ó jẹ lẹ́yìnwá ọ̀la?"

Ojú àwọn apẹja yòókù ni ó ti sọ ọ́, ìtìjú sì di ìbínú. Ajímúdá na aya rẹ̀ létí omi lójú gbogbo ayé, ó ní àwọ̀n náà gbọ́dọ̀ parí kí oòrùn tó wọ̀. Oríyọmí kò sunkún. Ó kó òwú rẹ̀, ó ní, "Inú omi ni n ó ti hun ún," ó sì rìn wọ inú òkun títí ìgbì fi bò ó lórí. Wọ́n wá a tì.

Ní ọjọ́ keje, ohun tí ojú kò rí rí dé: ara rẹ̀ mọ́ gaara bí omi, ó ní igun mẹ́rin, fọ́nrán gígùn sì ń wọ́ tẹ̀lé e bí òwú àwọ̀n. Ó kan àbúrò Ajímúdá lẹ́sẹ̀. Ọkùnrin náà ké lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò sì dé èbúté kó tó kú. Ohun náà tún ta ẹlòmíràn, wọ́n fi iyanrìn ra ojú ibẹ̀, ìyẹn náà kú.

Ajímúdá mọ ẹni tó ń bínú. Ó gbé akèrègbè ẹmu tó ti kan nílé ọ̀fọ̀, ó wọ omi dé ìbàdí, ó ń kì í:

"Oríyọmí, a-hun-má-tàsé,
Arẹwà tí ń fi ìka sọ̀rọ̀,
Èmi ni mo ṣẹ̀ ọ́. Fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀."

Fọ́nrán wé mọ́ ọn lápá. Bó ti ń jà raparapa ni ẹmu kíkan dà sórí apá náà, fọ́nrán sì tú. Ó rá jáde, ó wà lórí eékún, ó jẹ́wọ́ níwájú ìlú. Láti ọjọ́ náà ni ó ti di àwòrò Oríyọmí, kò sì sí ẹni tó dẹ àwọ̀n mọ́ lóṣù ẹyin.

Ìdí nìyí tí a fi ń fi ẹmu kíkan bọ Ìyá Aláwọ̀n, a-mọ́-gaara-pani. Tí a kì í fi iyanrìn ra ẹni tó bá ta. Tí ọkọ kì í na aya ní ìlú yìí. Ní ojúbọ rẹ̀, ọkùnrin kì í dọ̀bálẹ̀, ìkúnlẹ̀ ni, bí obìnrin.

Ó yá, ẹ̀yin baba, ẹ kúnlẹ̀.