Ìdí Tí Ojú Mọ́tò Fi Ń Wolẹ̀

Nígbà láéláé, nígbà tí irin ṣì ń sọ̀rọ̀ tí ògiri sì ń dá a lóhùn, Mọ́tò ló ń wa ara rẹ̀. Kò sí awakọ̀ kankan. Bó bá jí láàárọ̀, á kí ará ilé, á sì mú ọ̀nà pọ̀n.

Mọ́tò kan ṣoṣo ló wà ní Eléwùrà, abúlé àwọn ẹranko, nígbà náà. Ọmọ dáadáa ni. Ó máa ń gbé arúgbó wálé láti oko, ó máa ń bá aboyún gbé omi, kò sì sí ẹni tó gbọ́ ìráhùn lẹ́nu rẹ̀ rí. Àléébù kan ló ní, ojú rẹ̀ ni àléébù náà sì wà.

Ojú rẹ̀ méjèèjì tóbi, wọ́n ń tàn yanran, iwájú gan-an ni wọ́n sì kọjú sí. Bó bá pàdé ọmọdé, á wò ó lójú. Bó bá pàdé àgbà, á wò ó lójú kòrókòró. Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé a kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí bàbá rẹ̀ ń bá wí, ilẹ̀ ló ń wò, àfi bó bá fẹ́ kí ìbáwí náà di méjì.

Lọ́sàn-án, ọ̀rọ̀ náà kò fi bẹ́ẹ̀ le, nítorí agbára oòrùn ju ti ojú Mọ́tò lọ. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti fẹ́ ṣú, ẹni tó bá pàdé rẹ̀, ọwọ́ ni yóò fi bojú. Àwọn ará abúlé ń fara dà á. Ẹni tó ń báni gbé ẹrù, a kì í yára bá a jà.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni ọ̀rọ̀ wá bẹ́yìn yọ. Bàbá Ẹfọ̀n, olórí abúlé, ń ti oko bọ̀. Ó sanra, ó rọra ń rìn, apẹ̀rẹ̀ iṣu sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí Mọ́tò ṣe yọ ní kọ́nà nìyẹn, tí ojú rẹ̀ méjèèjì ko ojú Bàbá. Bàbá kò rí ọ̀nà mọ́. Ó gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún, ilẹ̀ wà. Ó gbé ti òsì, ilẹ̀ ti tán. Gbì, ó di inú kòtò.

Wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú a wo iwájú, bí àgbà bá ṣubú a wo ẹ̀yìn. Bàbá Ẹfọ̀n wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn, kò rí nǹkan kan. Iṣu nìkan ló ń gbọ́ tó ń yí lọ.

"Ta ló ń wò mí báyìí?" Bàbá béèrè láti inú kòtò.

"Èmi ni, Bàbá. Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o," Mọ́tò dáhùn. Bó ṣe ń kí i náà ló tún ń wò ó lójú.

"Ò ń kí mi, o kò dọ̀bálẹ̀?"

"Bàbá, táyà ni mo ní. Táyà kì í dọ̀bálẹ̀."

"O kò ní ìdọ̀bálẹ̀, o kò sì ní ìtìjú," Bàbá wí, ó ń gun òkè kòtò bọ̀ pẹ̀lú ẹrẹ̀ ní imú. "Láti òní lọ, bí oòrùn bá ti wọ̀, n kò gbọ́dọ̀ rí ọ lójú ọ̀nà. Ọjọ́ tí ojú rẹ bá tún kan ojú mi, o máa kúrò ní abúlé yìí ni."

Ọ̀rọ̀ yìí ba Mọ́tò nínú jẹ́ gan-an, ẹ ó sì rí ìdí rẹ̀. Ó ní ọ̀rẹ́ kan tó ń jẹ́ Àwẹ̀ró, ọmọ Ìyá Ẹtu. Láti ìgbà tí Àwẹ̀ró ti wà ní kékeré tó ń fò lé e lórí bí orí àpáta ló ti ń sọ fún un pé, "Ìwọ lo máa gbé mi relé ọkọ." Mọ́tò náà ti ṣèlérí. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ gan-an ni ìgbéyàwó náà. Ní ayé ìgbà náà, ìyàwó kì í sì í lọ sílé ọkọ lọ́sàn-án. Ó di ìgbà tí oòrùn bá wọ̀.

Mọ́tò rọra lọ sílé, ó ń sunkún. Omi ń kán tó, tó, lábẹ́ rẹ̀ títí ó fi dé ẹsẹ̀ Ìyá Ògiri.

Ìyá Ògiri ni ògiri alámọ̀ tó tọ́ Mọ́tò dàgbà. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni Mọ́tò ń sùn. Ògiri sì létí, ẹ ti gbọ́ bẹ́ẹ̀. Kí Mọ́tò tó délé, Ìyá Ògiri ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, títí kan iye iṣu tó yí sọnù.

"Ìyá àgbà, mo ti rò ó," Mọ́tò wí. "Mo máa kúkú dijú ni bí mo bá ń rìn."

"Dán an wò ká rí i," Ìyá Ògiri wí.

Mọ́tò dijú, ó rìn díẹ̀ nínú ọgbà, ó gun orí ààtàn. Àwọn adìyẹ tó wà níbẹ̀ kò bá a sọ̀rọ̀ fún ọjọ́ mélòó kan.

"O ti rí i báyìí," ni Ìyá Ògiri wí. "Wá síbí. Kọjú sí mi, kí o la ojú. Níbo ni ìmọ́lẹ̀ rẹ wà lára mi?"

"Lókè, Ìyá àgbà. Ibi tí ojú yín ì bá wà, ká ní ẹ lójú."

"Ojú gbogbo ẹni tó o bá pàdé ló ń bọ́ sí bẹ́ẹ̀. O kò mọ̀, torí ojú kì í rí ara rẹ̀. Lọ pe Ẹdun wá fún mi, òun ló ní ìka."

Ẹdun, ọ̀bọ onírun gígùn, dé, ó ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó yọ́ ìka sẹ́yìn ojú Mọ́tò, ó sì bá nọ́ọ̀tì kékeré kan níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì yí rí. Ọ̀kan wà lẹ́yìn ojú ọ̀tún, ọ̀kan wà lẹ́yìn tòsì. Ó mú efun, ó fa ìlà sára Ìyá Ògiri, nísàlẹ̀ ibi tí ojú Mọ́tò ga dé.

"Rọra o," Ìyá Ògiri wí. "Èmi kì í ṣe pátákó ilé ìwé."

Ẹdun yí nọ́ọ̀tì. Ìmọ́lẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ lára ògiri, ó sọ̀ kọjá ìlà, ó sọ̀ títí ó fi dé ilẹ̀.

"Kí lò ń rí?" Ẹdun béèrè.

"Táyà mi. Ó dọ̀tí."

"Ìyẹn ti pọ̀ jù," Ìyá Ògiri wí. "Ọmọ tó bá wolẹ̀ jù, igi ni yóò forí gbá. Yí i padà díẹ̀."

Ẹdun yí i padà díẹ̀díẹ̀ títí orí ìmọ́lẹ̀ náà fi sinmi sábẹ́ ìlà efun. Mọ́tò fà sẹ́yìn, ó wo ọ̀nà. Ó rí òkúta, ó rí kòtò, ó rí ewúrẹ́ tó dùbúlẹ̀ sójú ọ̀nà. Ewúrẹ́ náà sì ń jẹun lọ, kò tilẹ̀ ṣẹ́jú. Inú Mọ́tò dùn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jó.

Nǹkan kan wà tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbàgbé. Ẹ fi sílẹ̀ ná, a máa dé ibẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Mọ́tò lọ bẹ Bàbá Ẹfọ̀n ní ọ̀sán gangan. Ó ṣàlàyé, ó tún ṣàlàyé. Bàbá gbọ́ ọ tán.

"Ó dáa," Bàbá wí. "Gbé ìyàwó náà. Ṣùgbọ́n èmi fúnra mi máa dúró ní kọ́nà yẹn. Bí ojú rẹ bá kan ojú mi, o ò ní sùn ní abúlé yìí lọ́jọ́ náà."

Ọjọ́ ìyàwó pé. Oòrùn wọ̀. Àwẹ̀ró ti sun ẹkún ìyàwó títí ohùn rẹ̀ fi há. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù rẹ̀ sẹ́yìn Mọ́tò. Wọ́n di àpótí aṣọ, wọ́n di ìkòkò, wọ́n di odó àti ọmọrí rẹ̀. Ìyá Ẹtu ní ọmọ òun kò lè lọ láìní ọlọ, ni wọ́n bá tún gbé ọlọ. Ìyá àgbà Àwẹ̀ró ní òun ń bá wọn lọ, ẹ̀yìn náà ló jókòó sí. Ẹdun náà há ara rẹ̀ mọ́ àárín, ó ní òun kò lè ṣiṣẹ́ kí òun má débi oúnjẹ.

Ìdí Mọ́tò jókòó sílẹ̀. Imú rẹ̀ gbé sókè. Òun kò mọ̀, ayọ̀ ti gbà á lọ́kàn.

Bí wọ́n ṣe yọ ní kọ́nà, Bàbá Ẹfọ̀n ló wà níbẹ̀ tó dúró gbagidi. Ìmọ́lẹ̀ bọ́ sí i lójú yàà. Bàbá kò ṣubú lọ́tẹ̀ yìí, torí ó ti di igi mú tẹ́lẹ̀.

"Mọ́tò."

"Bàbá."

"Ṣé mo sọ ọ́ àbí n kò sọ ọ́?"

"Ẹ sọ ọ́, Bàbá."

Ó dun Mọ́tò wọ egungun, bí irin bá ní egungun. Kò mọ ohun tó ṣe. Ó ṣáà mọ̀ pé òun ti ba ọjọ́ ọ̀rẹ́ òun jẹ́.

"Ẹ yí padà," Bàbá wí. "Ẹ mú ìyàwó padà sílé bàbá rẹ̀."

Ìyàwó tó ti kẹ́yìn sílé bàbá rẹ̀ kì í tún kọjú sí i lọ́jọ́ náà. Èèwọ̀ ni. Bó bá padà, wọn kò ní gbà á nílé ọkọ mọ́. Bàbá náà mọ̀, ṣùgbọ́n ó ti sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ àgbà kì í ṣe ohun tí à ń tún gbé mì.

Ni Àwẹ̀ró bá sọ̀ kalẹ̀. Ìyá àgbà sọ̀ tẹ̀lé e, ó ń gbé ọlọ náà dání torí kò fọkàn tán ẹnikẹ́ni. Bí wọ́n ṣe sọ̀ báyìí, ìmọ́lẹ̀ kúrò lójú Bàbá, ó bọ́ sí àyà rẹ̀.

Ẹdun ló kọ́kọ́ rí i. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún wọlé," ó wí. Wọ́n wọlé, ìmọ́lẹ̀ gòkè. "Ẹ sọ̀." Wọ́n sọ̀, ìmọ́lẹ̀ wálẹ̀. Ẹdun lu orí ara rẹ̀. "Ẹrù ni. Òfìfo ló wà lọ́jọ́ tí a tún ojú rẹ̀ ṣe. Kò sí ẹni tó rántí ẹrù ìyàwó."

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀ sínú iyanrìn, tòun taṣọ ìyàwó lọ́rùn. "Bàbá, kì í ṣe àfojúdi ló ṣe. Ẹrù mi ló gbé ojú rẹ̀ sókè. Ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí Ẹdun tún un ṣe níbí."

"Pẹ̀lú ògiri wo?" Bàbá béèrè. "Ṣé Ìyá Ògiri máa rìn wá ni?"

Wọ́n wo ọ̀tún, igbó ni. Wọ́n wo òsì, igbó ni. Lẹ́yìn náà ni ojú gbogbo wọn rọra ń bọ̀, ó ń bọ̀, ó bà lé ìhà Bàbá Ẹfọ̀n tó lọ salalu.

"Kí lẹ ń wò mí fún?"

Ẹdun mú efun jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo òkè bíi ẹni tó ń ka ìràwọ̀.

"Bàbá," Àwẹ̀ró wí pẹ̀lẹ́, "ẹ fẹ̀."

Bàbá fẹ́ bínú. Ó tilẹ̀ ti fi imú mí ìmí ńlá. Ó wá wo ọmọ tó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó rí i pé iyanrìn ti kún aṣọ ìyàwó rẹ̀.

"Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́," ó rọra sọ fún ara rẹ̀. Ó ju ọ̀pá sílẹ̀, ó sì fi ẹ̀gbẹ́ kọjú sí Mọ́tò. "Ẹ ṣe kíá. Bí efun yẹn bá fi kan ìrù mi, ẹ ó ṣàlàyé."

Gbogbo wọn padà sórí Mọ́tò, tẹrù, tìyá àgbà, tọlọ. Ẹdun nìkan ló wà nílẹ̀. Ó fa ìlà sí ìhà Bàbá, ó yí nọ́ọ̀tì ọ̀tún, ó yí tòsì. Ìmọ́lẹ̀ kúrò létí Bàbá, ó gba ọrùn, ó gba ikùn, ó sinmi sábẹ́ ìlà.

Bàbá wá yíjú padà. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí yóò rí ojú Mọ́tò gan-an, tí kì í ṣe ìtànṣán rẹ̀ nìkan.

"Ṣé bó o ṣe rí nìyí?" ó wí. "O jọ ọmọ gidi."

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Bàbá," Mọ́tò wí. Ohùn rẹ̀ kéré. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ nà gbalaja sórí iyanrìn, ó dé ẹsẹ̀ Bàbá Ẹfọ̀n, ó sì dúró síbẹ̀.

Bàbá wo ìmọ́lẹ̀ náà títí. "Ó dọ̀bálẹ̀," ó wí. Ó yà á lẹ́nu, inú rẹ̀ sì dùn, ó hàn lójú rẹ̀. "Mọ́tò, ẹni tó bá dọ̀bálẹ̀ fún mi, mo máa ń ní kó dìde. Ìwọ nìkan ni n kò ní sọ bẹ́ẹ̀ fún. Bẹ́ẹ̀ ni kó o máa wà. Ó yá, gbé ìyàwó lọ, ọ̀nà á dáa."

Wọ́n dé ilé ọkọ. Wọ́n fi omi wẹ ẹsẹ̀ Àwẹ̀ró, wọ́n sì bu díẹ̀ sí táyà Mọ́tò.

Láti ọjọ́ náà ni ojú mọ́tò ti ń wolẹ̀. Láti ọjọ́ náà náà ni ẹni tó bá fẹ́ tún iná mọ́tò ṣe nílé ti ń mú un lọ síwájú ògiri, tí yóò fa ìlà, tí yóò sì kọ́kọ́ di ẹrù tó sábà ń gbé sí i kó tó yí nọ́ọ̀tì. Bí ẹ bá rí mọ́tò tó ń wo àgbà lójú kòrókòró lójú ọ̀nà, ẹ mọ̀ pé kò dé iwájú ògiri láti ọjọ́ pípẹ́, tàbí ẹrù wà lẹ́yìn rẹ̀ tí ẹni tó ni ín kò rántí. Àwọn yòókù tí wọ́n lẹ́kọ̀ọ́ ṣì wà lórí ìdọ̀bálẹ̀ títí di òní, torí Bàbá Ẹfọ̀n kò tíì ní kí wọ́n dìde.