Bí Ekádáṣí Ṣe Di Ọjọ́ Ààwẹ̀

Nígbà tí ayé ṣì kéré, tí Òṣùpá ṣì máa ń sọ̀kalẹ̀ wá bá ènìyàn tàkúrọ̀sọ, ó bí ọmọ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọjọ́ ni gbogbo wọn. Ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù ni wọ́n máa ń tò tẹ̀léra wá sí abúlé kan létí odò ní ilẹ̀ Íńdíà, ọmọ kan lójúmọ́. Àwọn ará abúlé á sì se ìrẹsì àti ẹ̀wà fún ẹni tó bá dé.

Òfin kan ṣoṣo ni Òṣùpá fún wọn. Ó ní, "Ọmọ tí àwọn ènìyàn bá gbàgbé orúkọ rẹ̀, màá yọ ọ́ kúrò nínú ìdílé. Kí ni mo fẹ́ fi ọjọ́ tí kò lórúkọ ṣe?"

Ọ̀rọ̀ yìí kì í jẹ́ kí Ekádáṣí, ọmọ kọkànlá, fojú kan oorun. Ẹ̀gbọ́n tó máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé ni Daṣamí, ọmọ kẹwàá, wọ̀bìà tí kì í dìde nídìí oúnjẹ àfi tó bá rí ìdí ìkòkò.

Ní oṣù kan, ilẹ̀ mọ́, Ekádáṣí dé ẹnu ọ̀nà abúlé, ó bá Daṣamí tó jókòó síbẹ̀, tó ń lá ọwọ́.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ò tíì lọ? Èmi ni mo ni òní o."

"Mò ń lọ, mò ń lọ. Díẹ̀ ló kù." Daṣamí gbé ìkòkò tó gbẹ̀yìn sẹ́nu, ó gbọ̀n ọ́n, ó gùfẹ̀, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Ekádáṣí sáré tọ Málátì lọ, ìyá arúgbó tó máa ń se oúnjẹ abúlé. Ó bá a tó ń gbọn àpò ìrẹsì. Eruku nìkan ló ń jáde.

"Ẹ̀gbọ́n rẹ ti jẹ ẹ́ tán, ọmọ mi. Títí kan èyí tó jóná."

Ekádáṣí bú sẹ́kún. "Ìyá, mo gbé! Ta ni yóò rántí ọjọ́ tí wọn ò se nǹkan kan fún?"

Àánú rẹ̀ ṣe Málátì gan-an. Àmọ́, ká sòótọ́, inú ìyá náà tún dùn díẹ̀, torí ẹ̀yìn ń dùn ún, èéfín sì ti sọ ojú rẹ̀ di pupa. Ó wo àwọn ará abúlé. Ikùn wọn ti yọ síwájú débi pé wọn kò rí ẹsẹ̀ ara wọn mọ́.

"Nu ojú rẹ," ni ó wí. Ó bọ́ síta, ó pariwo: "Ẹ gbọ́ o! Lónìí, nítorí Ekádáṣí, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ìrẹsì tàbí ẹ̀wà! Ẹ lọ sílé òrìṣà, kí ẹ máa kọrin fún Fíṣínù!"

Wọ́n kùn, wọ́n kùn. Ṣùgbọ́n kò kúkú sí ìrẹsì, kí ni wọ́n fẹ́ ṣe? Wọ́n lọ. Bí ẹnu wọn ṣe ń dá orin ni ikùn wọn ń gbè é.

Nírọ̀lẹ́, Òṣùpá sọ̀kalẹ̀. Ó bi wọ́n pé, "Ọjọ́ ta ni àná?"

Wọ́n wo ara wọn. Ẹnì kan ní ọjọ́ kẹjọ ni, ẹlòmíràn ní ọjọ́ kẹsàn-án ni. Wọ́n ti jẹ àjẹyó, wọ́n sì ti sùn gbàgbé. Daṣamí fara pamọ́ sẹ́yìn ìkùukùu.

"Òní ńkọ́? Ọjọ́ ta ni?"

"Ekádáṣí ni!" Gbogbo abúlé dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. "Ekádáṣí ni, Bàbá! Láti àárọ̀ la ti ń pè é! Ìgbà wo ló máa lọ?"

Òṣùpá rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó wá yíjú sí Daṣamí, ó ní kó kó ẹrù rẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n Ekádáṣí kúnlẹ̀.

"Ẹ dákun, Bàbá, ẹ̀gbọ́n mi ni. Kí wọ́n ṣáà máa tètè dìde nídìí oúnjẹ." Òṣùpá gbà, ó ní kí Daṣamí máa gbé nínú ìdílé.

Àtìgbà yẹn, ẹ̀ẹ̀mejì lóṣù, ọ̀pọ̀ ẹlẹ́sìn Híńdù kì í fẹnu kan ìrẹsì tàbí ẹ̀wà ní Ekádáṣí. Bí ilẹ̀ bá ń mọ́ bọ̀ tí wọ́n ṣì bá Daṣamí lẹ́nu ọ̀nà, àwọn mìíràn nínú wọn á sún ààwẹ̀ náà sí ọjọ́ kejì, torí wọ́n mọ ìwà rẹ̀. Kò sì sí ẹni tó ń gbàgbé Ekádáṣí. Bí orí bá fẹ́ gbàgbé, ikùn á rán an létí.