Ìkòkò Idẹ tí Kò Gbọdọ̀ Kanlẹ̀

Ẹ̀yin ará, ẹ fi etí sílẹ̀, kí ẹni tí ń jẹ ẹ̀pà dáwọ́ dúró ná. Ọdẹ kan wà ní Òkè-Ọrà tí ń jẹ́ Ọdẹ́jìmí, àbúrò Ògúnṣakin alágbẹ̀dẹ. Ní ọjọ́ tí Ògúnṣakin wá idẹ lọ sínú Igbó Àrìnyà, ilẹ̀kùn àpáta kan pa dé mọ́ ọn, ìyá wọn sì kọ oúnjẹ. Ọdẹ́jìmí wí fún un pé, "Màmá, ẹ jẹun. Bí ilẹ̀kùn náà tilẹ̀ ya odi, n óo wá ohun tí yóò bá a sọ̀rọ̀." Ó gbé àdá, ó wọ igbó lọ.

Nínú igbó ó bá iwin kan, Ìyá Alójú-Idẹ, tí ó jókòó ti bọ́ọ̀lù idẹ ńlá kan lórí òpó igi gbígbẹ. Iwin náà bi í pé, "Ọdẹ, kí ni ó ń rìn nínú irin tí irin kò mọ̀?"

"Ìyá, èmi kò mọ̀. Ilẹ̀kùn àpáta ló pa dé mọ́ ẹ̀gbọ́n mi, mo fẹ́ ṣí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà."

Iwin náà rẹ́rìn-ín. "Àwọn tíńtìntín ni, àwọn tí akẹ́kọ̀ọ́ yín ń pè ní ẹlẹ́kítíróònù. Inú idẹ ni wọ́n ń rìn fàlàlà. Bí wọ́n bá pọ̀ jù, wọn a máa ti ara wọn. Bí idẹ bá kan idẹ, wọn a ya lọ síbi tí àyè wà. Igi gbígbẹ kò fún wọn lọ́nà. Ilẹ̀ ní tirẹ̀ ń gbé gbogbo wọn mì. Ewé idẹ méjì so pọ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn náà. Bí àwọn tíńtìntín bá kún inú ewé méjèèjì tí ewé sì yà síra, ilẹ̀kùn yóò ṣí; bí oòrùn bá sì wọ̀ lónìí, ó di àpáta títí láé."

Ó so ìkòkò idẹ kékeré mọ́ orí ọ̀pá oparun gbígbẹ fún un, ó ní, "Fi èyí gbé wọn débẹ̀, má ṣe jẹ́ kí ó kanlẹ̀." Ọdẹ́jìmí fi ìkòkò kan bọ́ọ̀lù náà. Irun apá rẹ̀ dìde. Ó kọrí sọ́nà.

Láìpẹ́ ó pàdé bàbá iwin kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ dé orúnkún. Ní Òkè-Ọrà, ọmọ tí a kọ́ kì í nàró kí àgbà. Kí ọdẹ tó ronú, àyà rẹ̀ ti kanlẹ̀, ìkòkò náà sì kanlẹ̀ pẹ̀lú. Ó ta pá! Àwọn tíńtìntín ti wọ ilẹ̀ lọ. Ọdẹ́jìmí sunkún padà sọ́dọ̀ Ìyá Alójú-Idẹ.

"Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran," ni iwin náà wí. "Tún gbé e. Bọ́ọ̀lù mi kò ní ju èyí lọ."

Bàbá náà ṣì wà lójú ọ̀nà. "Èyí tí ò ń nàró yìí, ṣé bí wọ́n ṣe ń kí àgbà nílé yín nìyẹn? Ìyá rẹ kò kọ́ ọ ni?"

Ọ̀rọ̀ náà ta ọdẹ lójú bí ata. Ó tẹ orí ba, ó gbé ọ̀pá sókè. "Bàbá, ẹ má bínú. Ìyá tó kọ́ mi ni ebi ń pa nílé. Ìdọ̀bálẹ̀ yín ń bẹ láyà mi. Ẹ jẹ́ kí n gbé ẹrù yìí débi tó ń lọ ná."

Bàbá náà bú u, ó bú ìran rẹ̀. Ọdẹ́jìmí ń lọ, kò wẹ̀yìn.

Oòrùn ti kan orí ọ̀pẹ nígbà tí ó dé ẹnu àpáta. Ó fi ìkòkò kan ọ̀pá idẹ tí ewé méjèèjì so rọ̀ sí. Àwọn tíńtìntín ya wọ inú wọn, àwọn ewé náà sì kọ̀yìn síra bí orogún tó jà. Ilẹ̀kùn ké, ó ṣí. Ògúnṣakin jáde, ó ti rù hangogo. "Àbúrò mi, ṣé ìwọ nìyí?" Wọ́n dì mọ́ra, wọ́n sunkún.

Ọdẹ́jìmí kò kọjú sílé. Ó fa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ padà sọ́dọ̀ bàbá náà, àwọn méjèèjì sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Bàbá náà rẹ́rìn-ín. "O ti kí mi báyìí lẹ́ẹ̀kan rí, nígbà tí ẹnì kan ṣì wà nínú àpáta. Ti ìsinsìnyí ni mo gbà. Ẹ dìde, ẹ lọ fún ìyá yín lóńjẹ."

Ìyá wọn jẹun ní ọjọ́ náà. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ ọ, ẹ máa bọ̀wọ̀ fún àgbà. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀mí ènìyàn bá wà lọ́wọ́ yín, ẹ kọ́kọ́ gbé e délé, kí ẹ tó wá wólẹ̀.