Ọ̀kẹ́rẹ́ Tó Ní Kí Lékeléke Rẹ́rìn-ín

—Ààlọ́ o, ẹ̀yin ọmọ!
—Ààlọ̀!

Àlọ́ mi fò fẹ̀rẹ̀, ó bà lé Ọ̀kẹ́rẹ́ tó ń kọ́ fọ́tò yíyà.

Ọ̀kẹ́rẹ́ rí Lékeléke létí odò. Ó pariwo bíi onífọ́tò ìsọmọlórúkọ: "Ẹ rẹ́rìn-ín!" Lékeléke fò lọ. Ó pariwo mọ́ Àgbọ̀nrín, eruku ló yà. Ó pariwo mọ́ Labalábá, ewé lásán ló yà. Ẹ bá mi gbè é:

—Rẹ́rìn-ín, rẹ́rìn-ín!

Ó bú sẹ́kún. "Kámẹ́rà burúkú! Mo máa tà á."

Ìgbín tó wà nítòsí ní, "Má tà á, ọ̀rẹ́ mi. O máa mọ̀ ọ́n yà. Jókòó jẹ́ẹ́ tì mí."

Ọ̀kẹ́rẹ́ dákẹ́ títí ẹnu fi ń yún un. Lékeléke padà wá, ó na ọrùn, Ọ̀kẹ́rẹ́ sì yà á. Fọ́tò náà dùn-ún wò!

Àwọn ẹranko bi í pé, "Kámẹ́rà wo lo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà?"

"Ti tẹ́lẹ̀ náà ni. Ẹnu mi ni mo pa dé."