Pósítà Tí Kò Ní Yíǹkì

Olóyè Akíntáyọ̀, tó ń ta ọpọ́n ayò n'Ìkìrun, máa ń ka eyín ẹ̀ láràárọ̀ kí ìyàwó ẹ̀ má baà jí ọ̀kan. Ó kó gbogbo yíǹkì Àwẹ̀ró atẹ̀wé lọ, ó ní kó ṣe pósítà ayò láìkọ̀wé, láìyàwòrán. Ó ní bóun fúnra òun ò bá fẹnu ara òun pè é láyò, òun á gba ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ẹ̀. Àwẹ̀ró lu ihò méjìlá sára páálí, mẹ́fà lókè, mẹ́fà nísàlẹ̀, ó tẹ́ ẹ sórí bẹ́ǹṣì. Olóyè gbóòórùn ẹ̀ síwá sẹ́yìn. "Kí lèyí? Èmi ò mọ̀ ọ́n o!" Bàbá arúgbó méjì tó ń kọjá jókòó, wọ́n da òkúta sínú ihò, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta. Olóyè ranjú mọ́ wọn, ó figbe ta mọ́ ọ̀kan nínú wọn: "Olè! Ọmọ ayò márùn-ún lo kó, mẹ́rin lo jù sílẹ̀!" Àwẹ̀ró kúnlẹ̀: "Ayò wo, Bàbá? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá yíǹkì mi padà."